Ojú Tí Màmá Fi Ń Wo Kíléèmù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Màmá Kíléèmù fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka wọn ránṣẹ́ pè mí. Ọdún 2009 ni, ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan l'Ékòó, èmi ni mo ń bójú tó Lotus Notes, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi tọ́jú ìwé wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n wá ti àkáǹtì màmá pa ni, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ń lọ. Àṣé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọ̀gá ní, "Nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà màmá yẹn, mo fẹ́ kó wà lójú kọ̀ǹpútà gbogbo wa kí wọ́n tó lọ."

Mo yọjú sí ẹ̀ka náà. Èèyàn mẹ́ta ló dúró sẹ́yìn àga màmá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ń bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tó pẹ́ jù nínú ti mọ́tò ńkọ́?" Wọ́n tẹ orí òpó (column) kan lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ìlà tún ara wọn tò, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan. Ẹni yẹn kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti bí ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ẹ̀ka tó ní kọ̀ǹpútà tó lé ní ogún, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń ríran.

Ẹni tí kò bá lo Notes rí lè máa wò ó pé kí ló le níbẹ̀. Dátábéèsì Notes kò dà bí àtẹ Excel tí gbogbo ayé ń wo bákan náà. Àpò ìwé ni. Ìwé kíléèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé ẹni tó ń béèrè owó adójútòfò rẹ̀, wà nínú rẹ̀ bí fáìlì ṣe ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, inú view la sì ti ń wò wọ́n. View kan lè tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, òmíràn lè kó ti iná nìkan jáde, òmíràn lè pín wọn sí ẹ̀ka Ìbàdàn, ẹ̀ka Ìkẹjà. Ìwé ò kúrò níbi tó wà, ojú tí a fi ń wò ó ló ń yí padà. Láti ọdún 1989 tí Ray Ozzie àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Iris Associates ti parí ẹ̀yà àkọ́kọ́ tí Lotus tà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, IBM tó ra Lotus lọ́dún 1995 kò sì yí i padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè ṣe view tara rẹ̀, tí ẹlòmíràn ò ní rí. Private ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà nípò mi kí n tó dé ti fi Designer, ètò tí a fi ń ṣe view, sí kọ̀ǹpútà màmá, èyí tí kò yẹ kó ṣe, àgùnbánirọ̀ kan tó sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wọn sì ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́múlà kéékèèké. Ó tó. Màmá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan mouse wọn jókòó, wọ́n sì fi ọ̀sán bíi mélòó kan to iṣẹ́ wọn bí ọkàn wọn ṣe fẹ́. Wọ́n pe view náà ní OUTSTANDING. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni ibi tí view náà ń gbé, ara mi sì bù máṣọ. Private view ní Notes lè wà níbi méjì. Nínú àkójọ ẹ̀tọ́ dátábéèsì tí a ń pè ní ACL, àpótí kékeré kan wà fún ẹni kọ̀ọ̀kan: Create personal folders/views. Tí wọ́n bá ti fi àmì sí i fún ọ, inú dátábéèsì lórí sáfà, kọ̀ǹpútà àárín tí gbogbo wa jọ ń lò, ni view rẹ yóò máa gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ nìkan ni yóò máa rí i. Tí wọn ò bá fi àmì sí i, Notes kò ní sọ pé má ṣe é. Yóò kàn fi view náà pamọ́ sínú fáìlì desktop orí kọ̀ǹpútà tìrẹ. Ní ẹ̀yà 8 tí a ń lò nígbà náà, desktop8.ndk lorúkọ fáìlì yẹn. Lọ́dọ̀ wa, wọn ò fi àmì sí i fún ẹnikẹ́ni. Sáfà la sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóròòru, a kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà èèyàn. Ọgbọ́n tí odindi ẹ̀ka fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo lábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà màmá, níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá kọsẹ̀ tí iná bá ṣẹ́jú, ó lè bá a lọ.

Mo jókòó ti màmá, wọ́n ṣí ìdí view náà fún mi. Òpó mẹ́jọ ló ní. Ìlà tó ń yan ìwé rèé (!= túmọ̀ sí "kì í ṣe"):

SELECT Form = "Claim" & Status != "Paid" & Stage != "L"

Òpó kan wà tó ń ka iye ọjọ́ tí kíléèmù ti lò. Ó yọ ọjọ́ tí wọ́n mú un wá kúrò nínú @Today, ìyẹn ọjọ́ òní, ó sì pín in pẹ̀lú 86400, torí ìṣẹ́jú-àáyá ni Notes ń fi ka ìyàtọ̀ ọjọ́ méjì. Mo yìn wọ́n, ó tọ́ sí wọn. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú view tuntun lórí sáfà láàárín wákàtí kan. Mi ò béèrè kí ni L. Mo rí i, mo da á kọ, mo kọjá.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe kejì ni irú view tí mo yàn. Bí o bá ń dá view sílẹ̀, Notes yóò bi ọ́ léèrè irú rẹ̀, tí o bá sì ti tọ́jú rẹ̀, o ò lè yí irú yẹn padà mọ́. Shared wà, tí gbogbo èèyàn ń rí ohun kan náà. Private wà. Èyí tó wà láàárín wọn ni Shared, private on first use. Kó tó dọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka náà. Ẹnì kan fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ka ìlú, ẹnì kan ní iye owó ló yẹ kó ṣáájú, ẹni kẹta ní òpó orúkọ aṣojú kò wúlò fún òun rárá. Mo ní ẹ má jà, kálukú á ní tirẹ̀. Èyí tó wà láàárín yẹn ni mo yàn. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá ṣí i, Notes yóò ṣe ẹ̀dà kan fún ọ, ẹ̀dà yẹn á sì di tìrẹ, o lè gé e, o lè fi kún un.

Inú gbogbo wọn dùn. A ṣe sẹ́ńdìfóòtù, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n fún màmá ní fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì mo ti àkáǹtì wọn pa, wọ́n nu kọ̀ǹpútà wọn mọ́ fún ọmọ tuntun kan.

Ìpàdé Mọ́ńdè kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì ka iye kíléèmù tó kù, iye méjèèjì ò bára mu. Ẹni kẹta ka tirẹ̀, òun náà ní iye tirẹ̀. Ọ̀gá wojú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti wọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi view ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn kíléèmù kan, ti ẹ̀mí àti ti àìsàn, ní pápá (àyè tí a ń kọ nǹkan sí) kan tó ń jẹ́ Readers nínú, tó ń sọ orúkọ àwọn tó lè kà wọ́n. Màmá wà nínú gbogbo àkójọ wọ̀nyẹn, torí náà ojú wọn kún. Ọmọ tó dé lóṣù tó kọjá ṣí view kan náà, Notes sì yọ gbogbo èyí tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kúrò wẹ́rẹ́, láìsọ fún un pé nǹkan kan wà tí kò rí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àṣìṣe ni láti máa fi iye rẹ̀ wé ti ọ̀gá rẹ̀.

Ìkejì ni àwọn ẹ̀dà. Arákùnrin kan ti fi sí tirẹ̀ pé ẹ̀ka Ìbàdàn nìkan ni kó máa fi hàn, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kan lọ́jọ́ Fráídè. Ó gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, Ìbàdàn nìkan ló ń kà, ó sì ń pè é ní gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí mo bá tún ti orí sáfà ṣe, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà tó ti kúrò lára ìyá rẹ̀ kì í gbọ́ ìpè ìyá mọ́. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni, mo sì ti kà á. Ìfẹ́ kí ìjà parí ló dí mi létí.

Ẹ̀kẹta ni @Today. View tó bá ní @Today nínú òpó tàbí nínú ìlà tó ń yan ìwé, Notes kò lè gbà láé pé ó ti bá àkókò mu, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yí padà nígbàkígbà. Àmì ọfà tó yí po lókè lọ́wọ́ òsì kì í kúrò níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí o bá ṣí i ló ń ka gbogbo ìwé lákọ̀tun. Lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo, màmá á lọ po tíì, wọ́n á padà wá bá a pé ó ti ṣe tán. Àmọ́ nígbà tí ogún èèyàn bá ṣí ẹ̀dà tiwọn láago mẹ́jọ àárọ̀, tí kálukú ń wọ́ gbogbo ìwé gba orí okùn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà, sáfà á máa mí bí ẹni tó gun òkè. Wọ́n ti ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló burú. Èmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì wà lórí ìwọ̀nyí nígbà tí lẹ́tà lọ́yà dé. Ẹjọ́ iná ilé ìkẹ́rù kan ni, ó máa wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́yà fẹ́ ìwé mẹ́ta kó tó lọ síwájú adájọ́. Wọ́n wá kíléèmù náà nínú OUTSTANDING, kò sí. Wọ́n wá a nínú àwọn tó ti gbowó, kò sí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló lọ wá nọ́ńbà rẹ̀ tààrà nínú dátábéèsì, ó sì rí i: kò tíì gbowó, ó sì ti lé lọ́dún márùn-ún. Ọ̀gá tún wojú mi. Mo ṣí fọ́múlà, mo sì rí Stage != "L" tí mo fi ọwọ́ ara mi da kọ. Àwọn tó wà ní kóòtù ni L.

Mo pe màmá.

"Ẹ káàsán mà. Èmi ni o, ọmọ yín tó ń ṣe kọ̀ǹpútà."

"Áà, ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ṣé wọ́n tún ti ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá mà. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Nínú view yín, ẹ yọ àwọn tó wà ní kóòtù kúrò."

"Mo yọ wọ́n kúrò kẹ̀. Wọ́n ń dí mi lójú ni. Kíléèmù tó bá ti dé kóòtù lè lo ọdún mẹ́fà. Tí mo bá tò ó pé kí èyí tó pẹ́ jù wà lókè, àwọn ni yóò jókòó sókè bí ọba, mi ò ní rí àwọn tí mo lè ṣe nǹkan sí lónìí."

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ ọjọ́ ẹjọ́ wọn mà?"

"Wọ́n wà nínú ìwé mi."

"Ìwé wo, mà?"

"Long note aláwọ̀ pupa tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi kejì. Ṣé wọn ò rí i ni?"

Wọn ò rí i. Nígbà tí wọ́n ń kó dúrọ́ọ̀ náà fún ọmọ tuntun, wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ sínú páálí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló mọ ibi tí páálí náà wà: ilé ìkópamọ́ nísàlẹ̀, lábẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ìwé náà nìyẹn, pẹ̀lú rọ́bà méjì lára. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, orúkọ lọ́yà, yàrá kóòtù, àti gbogbo ọjọ́ tí adájọ́ ti sún un sí, tí wọ́n fi bíírò pupa fa ìlà sí èyí tó ti kọjá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Lórí tábìlì màmá, OUTSTANDING túmọ̀ sí "àwọn tí mo ṣì lè ṣe nǹkan sí". Òótọ́ ni, torí ìwé pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbé ìyókù. Lójú ogún èèyàn, orúkọ kan náà di "gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí jẹ gbèsè rẹ̀", kò sì sí ìwé pupa lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti pín ojú màmá fún wọn, mo sì fi ìdajì tó kù sílẹ̀ nínú páálí. A rí ìwé lọ́yà fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹjọ́. Adájọ́ tilẹ̀ tún sún un síwájú.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀sán méjì ni mo fi jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ kíléèmù, pẹ̀lú màmá lórí fóònù. Ìbéèrè kan ni mo ń bi wọ́n lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: kí ni ìlà yìí ń fi pamọ́, ta ló sì ń tọ́jú ohun tó fi pamọ́? Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ń fi wọ́n ṣàwàdà. View mẹ́ta ló jáde, Shared gidi ni gbogbo wọn. Ọ̀kan kó gbogbo kíléèmù tí kò tíì gbowó, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Ìkejì ni ti màmá, mo sì fi sínú orúkọ rẹ̀ gan-an pé àwọn ti kóòtù kò sí níbẹ̀. Orúkọ náà gùn, ó wú, ọ̀gá ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kó gùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti kóòtù, mo fi pápá tuntun sí fọ́ọ̀mù fún ọjọ́ ẹjọ́ tó ń bọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó rí kíléèmù ìkẹ́rù yẹn ló sì tẹ gbogbo ìwé pupa sínú rẹ̀.

@Today kúrò. Ọjọ́ tí kíléèmù dé ni a fi ń tò wọ́n báyìí, èyí tó pẹ́ jù lókè, ìtẹ̀lé kan náà sì ni màmá ní látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ gan-an, kó ṣí ìwé náà, fọ́ọ̀mù á kà á fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣàròyé. Nígbà tó rí i pé view náà ń ṣí kó tó ṣẹ́jú, ó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sínú ACL, mo fi àmì sí Create personal folders/views fún gbogbo òṣìṣẹ́ kíléèmù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́ka wa ní orí mi ò pé, pé ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni mo tún ń ṣílẹ̀kùn fún, pé dátábéèsì á wú. Ó wú díẹ̀ lóòótọ́, torí view kọ̀ọ̀kan ní atọ́ka tirẹ̀, àkójọ tó ń jẹ́ kó tètè ṣí, àmọ́ sáfà ń ju atọ́ka tí wọn ò bá lò fún ọjọ́ 45 nù fúnra rẹ̀. Èmi ò gbà kí a fòfin de private view. Ká ní wọ́n ti fòfin dè é lọ́jọ́ àná, màmá ì bá má ṣe view yẹn rí, ẹ̀ka náà ì bá sì máa yẹ fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa dá a. Kó sáà wà lórí sáfà, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀dà lóròòru. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kó di ti gbogbo ayé, kí a jọ ka fọ́múlà rẹ̀ lójú ẹni méjì.

Níbi tí mo wà lónìí, Dynamics 365 ti Microsoft la ń lò, ọ̀rọ̀ náà ò sì yí padà púpọ̀. Personal view ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó ní bọ́tìnì Share, o lè fi fún ẹnì kan tàbí odindi ẹgbẹ́, o sì lè yàn bóyá wọ́n á kàn máa wò ó ni tàbí wọ́n lè tún un ṣe. Ìyẹn dára ju wákàtí kan tí mo fi da fọ́múlà kọ. Níbẹ̀ náà, rírí view ò túmọ̀ sí rírí ìwé inú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kálukú ló ń sọ ìyẹn. Ohun kan tó ń dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni pé alábòójútó pàápàá kì í rí personal view ẹlòmíràn bí wọn ò bá pín in fún un, àfi tó bá kọ kóòdù tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ oní-nǹkan. Nítorí náà, kí n tó ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni pa, mo ń lọ bá a jókòó. Mo ń béèrè nípa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Notes. Ó ku bí a ṣe máa pa àwọn ẹ̀dà OUTSTANDING àtijọ́ rẹ́. Inú fáìlì desktop kálukú ni wọ́n wà, sáfà ò lè bá mi kàn wọ́n. Mo yọ ìyá wọn kúrò lórí sáfà, mo sì ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ń ṣí OUTSTANDING, mo ń yan Delete View nínú Actions, bí ẹni ń fi ọwọ́ ṣa èpò. Ó gbà mí lọ́jọ́ kan gbáko. Mo ní ó ti tán.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, níbi ìpàdé Mọ́ńdè, gbogbo òṣìṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo ìwé ka iye kan náà. Ọ̀gá, tí àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo ìwé, ka iye tiwọn, ó dín sí ti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ náà kò ju iye ẹjọ́ tó wà ní kóòtù lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n wo laptop yín." Lọ́jọ́ tí mo ń ṣa èpò, ilé ni wọ́n gbé e lọ. OUTSTANDING wà níbẹ̀, wọ́n ti fi àwọ̀ ewé kun àwọn ìlà rẹ̀, wọ́n ti gbé òpó iye owó síwájú. Mo pa á rẹ́, mo ṣí tuntun fún wọn.

Ọ̀gá wo ojú laptop títí. Wọ́n ní, "Tèmi ńkọ́?"